Mọ́tò Yìí, Níbo Ló Ń Lọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Gẹ̀ẹ́sì ní Community College

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Yorùbá sọ nílùú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, nìyí, lórí community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà fún ará àdúgbò ní Amẹ́ríkà. Mo ti yọ díẹ̀ nínú àwàdà ọjọ́ náà kúrò, mo sì fi ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n bi mí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fipá mú wá síbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣàn.

Ẹni tó bá ti wọ danfó ní Òjòdú Berger rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mọ́tò méjì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀dà kan náà, kọ̀ndọ́kítọ̀ méjèèjì ń pariwo, èrò ń rọ́ wọlé. Ọ̀kan ń lọ sí Ọbáléńdé. Èkejì, Ọ̀ṣòdì ló máa já ọ sí. Bí o kò bá bèèrè kó o tó jókòó, ìgbà tó o bá fi mọ̀, o ti sanwó, kọ̀ndọ́kítọ̀ kò sì ní dá kọ́bọ̀ padà fún ọ.

Bí community college ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ kan náà, mọ́tò tó ń lọ sí yunifásítì wà níbẹ̀, èyí tó ń lọ síbi iṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sí wọn lára sì jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1901, nílùú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọ̀gá ilé-ìwé girama ibẹ̀, J. Stanley Brown, àti ààrẹ Yunifásítì Chicago, William Rainey Harper, jọ gbìmọ̀ pé kí àwọn ọmọ ìlú náà máa ka ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì nítòsí ilé, kí wọ́n tó kọjá síwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà dòní. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà, títí ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀ fi sọ nínú àbọ̀ wọn ní 1947 pé ó yẹ kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri orílẹ̀-èdè, kó sì wà fún gbogbo ará àdúgbò. Nítorí náà, ọ̀nà yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ lá, ọ̀nà iṣẹ́ ni wọ́n lá tẹ̀ lé e, àmọ́ géètì kan ni wọ́n jọ ń gbà wọlé.

Èmi alára, mọ́tò tí kì í ṣe tèmi ni mo wọ̀. Mo dé Texas pẹ̀lú OND nínú iṣẹ́ iná mànàmáná, mo ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lóru, mo sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí pé kí ni mo fẹ́ kà. Mo ní engineering. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó fìka tọ́ka sí ìlà kan: Electronics Engineering Technology. Engineering ni mo rí. Technology tó tẹ̀ lé e, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe.

Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo lò. Mo gba ìwé ẹ̀rí, A.A.S., a se jọ́lọ́ọ̀fù, a ya fọ́tò, màmá mi nílé fi fọ́tò náà han gbogbo àdúgbò. Ìgbà tí mo wá kó ìwé lọ sí yunifásítì láti parí ni ojú mi là. Nínú kírédíìtì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kóòsì, tó lé ní ọgọ́ta tí mo gbé lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n gbà. Àwọn kóòsì ẹ̀rọ tí mo fi oru kà, tí mo fi ọwọ́ ara mi so wáyà wọn nínú láàbù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dá padà. Ohun tí wọ́n gbà ni Gẹ̀ẹ́sì méjì, ìmọ̀ ìjọba kan, ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò kan, àti College Algebra. Ẹ gbọ́ o: Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń sùn sí nínú kíláàsì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ. A.A.S. ni mo gbà, A.S. ló yẹ kí n gbà. A.A.S. jẹ́ Associate of Applied Science: iṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn, kó lè bọ́ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tó bá jáde. A.S. jẹ́ Associate of Science: ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì ni, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá Joliet sílẹ̀. Méjèèjì ní kóòsì tó ń sọ nípa iná mànàmáná, àmọ́ ní ti A.A.S., ìṣirò algebra ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀, ní ti A.S., calculus ni, ìṣirò tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yí padà. Orí calculus sì ni yunifásítì ń mọ ilé rẹ̀ lé. Bí ìpìlẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní gba òrùlé tó o gbé wá, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ nílé, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970. Ìwé COREN ya ẹnjiníà sọ́tọ̀, ó ya technologist sọ́tọ̀, ó ya technician sọ́tọ̀, ẹni tó bá sì ti gbé HND wọ ọ́fíìsì tí ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ oní-B.Sc. mọ bí ìyàsọ́tọ̀ yẹn ṣe ń ta. Ohun tí Amẹ́ríkà fi yàtọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọ. Ẹ̀rín ni wọ́n máa rín sí ọ, wọ́n á gba owó rẹ, wọ́n á ní káàbọ̀.

Ní Texas níbí, ikú àwọn ọmọdé ló mú kí wọ́n ṣòfin lórí ẹni tó lè jẹ́ orúkọ ẹnjiníà. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1937, nílùú New London ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ yìí, gáàsì tó jò sábẹ́ ilé-ìwé kan gbiná. Ilé náà fọ́n ká. Àwọn tó kú sún mọ́ ọ̀ọ́dúnrún, ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Gáàsì náà kò ní òórùn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń jò. Ọdún yẹn náà ni ilé aṣòfin Texas sọ pé ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ẹnjiníà fún aráàlú. Òórùn burúkú tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí sítóòfù gáàsì bá ń jò, nítorí ìjàǹbá yẹn ni wọ́n ṣe ń pò ó mọ́ ọn ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ọ̀nà tó lọ tààrà síbi ìwé àṣẹ náà nìyí: dìgírì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ABET, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wò, fọwọ́ sí, ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní FE, tó ní ìbéèrè 110, ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ, ìdánwò kejì tí wọ́n ń pè ní PE. Ẹ wo orísun rẹ̀: dìgírì. A.A.S. nìkan kò lè gbé ọ débẹ̀.

N kò sọ pé kẹ́ ẹ sá fún A.A.S. o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi níta. Ìlú yìí, epo ló ń bọ́ ọ. Láti ibi tí odò ọkọ̀ òkun Houston ti bẹ̀rẹ̀ títí dé Baytown, ilé ìfọpo àti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ló tò lọ rẹrẹẹrẹ, ọwọ́ àwọn tó gboyè nínú process technology, ìyẹn ṣíṣọ́ ẹ̀rọ ilé ìfọpo, àti instrumentation, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan, ni wọ́n sì ń bọ̀ sí. San Jacinto College ní Pasadena àti Lee College ní Baytown ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Èyí tó wà ní San Jacinto, ní 2019 ni wọ́n ṣí ilé ńlá kan fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ilé ìfọpo kan ní sáà oru àti sáà ọ̀sán. Nígbà tí mo ṣì ń kó gbèsè ẹ̀kọ́ jọ, ó ti ra ilé. Ẹni tó fẹ́ Ọ̀ṣòdì, tó sì wọ mọ́tò Ọ̀ṣòdì, kí ló fẹ́ ká sọ fún un? Ẹni tó fẹ́ Ọbáléńdé ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣí ìwé kóòsì fún yín, torí ibẹ̀ ni nǹkan gbé fara sin sí.

Ní Texas, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba jọ ń lo ìlànà nọ́ḿbà kan fún kóòsì wọn. MATH 2413 ni Calculus I. 2 tó ṣáájú ń sọ pé kóòsì ọdún kejì ni. 4 tó tẹ̀ lé e ni iye kírédíìtì. ENGL 1301: ti ọdún kìíní, kírédíìtì mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní sọnù nínú ìwé kóòsì mọ́. Ó tún wúlò láti mọ̀ pé bí nọ́ḿbà bá ti bá ara mu, ìyẹn ni kóòsì náà ṣe ń rọrùn láti gbé láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn.

Ó dáa. Ẹni tó ń lọ sí yunifásítì fún ìmọ̀ ẹ̀rọ nílò Calculus I, II àti III, lẹ́yìn náà Differential Equations, tó jẹ́ MATH 2320. Ó nílò físíìsì méjì tí wọ́n fi calculus kọ́, PHYS 2425 àti 2426. Ó nílò kẹ́mísìrì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kóòsì ẹ̀rọ fúnra wọn: yíya àwòrán ẹ̀rọ, Statics tó ń kọ́ni nípa bí afárá àti òpó ṣe ń dúró láìṣubú, Dynamics fún nǹkan tó ń rìn, Circuits fún iná. Gbogbo wọn so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. O kò lè fọwọ́ kan físíìsì kó o tó ṣe Calculus I. O kò lè fọwọ́ kan Statics kó o tó bá físíìsì dé ibì kan. Dynamics kò ní jẹ́ kó o wọlé láìsí Statics.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Ọmọ tó wọlé, tí ìdánwò ìwọlé sọ pé College Algebra ni kó ti bẹ̀rẹ̀: sáà kìíní Algebra, sáà kejì Precalculus, sáà kẹta Calculus I, sáà kẹrin Calculus II, sáà karùn-ún Calculus III. Sáà méjì ló wà nínú ọdún kan. Níbo ni "ọdún méjì" tí wọ́n kọ sórí bébà wà? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé ohun tó yẹ kí wọ́n náwó lé lórí ni ìṣirò ọmọ wọn ní kíláàsì kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kì í ṣe kọ̀ǹpútà olówó ńlá lọ́jọ́ tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ tó bá ṣe Precalculus tán nílé-ìwé girama ti fi ọdún kan ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ fún, ẹ lo ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, torí wọ́n ń kọ́ Precalculus nígbà náà pẹ̀lú. Ó máa ń yára bí iná, ó sì máa ń gbóná bí iná.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn ọmọ wa kì í mọ̀ títí ó fi máa dun wọ́n. Òfin Texas kò jẹ́ kí kóòsì tí akẹ́kọ̀ọ́ máa jù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ju mẹ́fà lọ kó tó gba dìgírì àkọ́kọ́, àfi tó bá ní ìdí pàtàkì. Mẹ́fà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó bá lọ. Ẹni tó bá ń ju Calculus sílẹ̀ bí ẹní ju bàtà, kó máa kà á.

Ọ̀rọ̀ owó, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ládùúgbò tí owó orí rẹ̀ ń bọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ló ń san èyí tó kéré jù. Ará àdúgbò mìíràn ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlejò láti ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn ń san èyí tó ga jù. Ẹni tó ní green card tàbí tó ti di ọmọ onílẹ̀, kó kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀: Pell Grant, èyí tí a kì í dá padà, tó $7,395 lọ́dún fún ẹni tí owó ilé rẹ̀ kò tó nǹkan, ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025. Ọmọ tó ṣì wà nílé-ìwé girama, tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ níléèwé, ètò kan tí wọ́n ń pè ní FAST ti wà láti 2023, tó jẹ́ kó lè ṣe kóòsì kọ́lẹ́ẹ̀jì láìsan kọ́bọ̀, bí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ládùúgbò rẹ̀ bá wà nínú ètò náà. ENGL 1301 pàápàá, ó lè ti ṣe é tán kó tó gba ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé girama. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú àbúrò yín wá láti ilé pẹ̀lú físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí pé kò gbọ́dọ̀ ka kóòsì tó dín sí kírédíìtì méjìlá ní sáà kan, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níta ọgbà ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní lọ́kàn pé yóò máa wa Uber láti san owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí yunifásítì gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe kọ́kọ́ lù mí.

C4 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Mo gbà pé èmi àti Gẹ̀ẹ́sì ti parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa ní ENGL 1301 ni pé ká kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí bóyá ó yẹ kí ìlú máa fi bọ́ọ̀sì gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Mo kí bọ́ọ̀sì, mo kí ìlú, mo yà sí Èkó, mo tú òwe méjì sí Gẹ̀ẹ́sì, mo wá gbé ohun tí mo rò sí ìlà tó kẹ́yìn, bí ìgbà téèyàn gbé ẹran sábẹ́ ìrẹsì kí àlejò lè bá a níkẹyìn. Olùkọ́ fi D lé e. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó fi bírò pupa bi mí: kí lò ń sọ?

Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi ni. Àmọ́ nígbà tí mo ka ti ọmọ Vietnam kan tó jókòó tì mí, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó tèmi rárá, tó sì gba B, ó yé mi. Wọ́n tọ́ àwa dàgbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Olùkọ́ Amẹ́ríkà kò fẹ́ àbọ̀. Odindi ló fẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ló sì fẹ́ ẹ sí, kó mọ ohun tí o gbà gbọ́ kó tó mọ ẹni tí o jẹ́. Ohun yòówù tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Òwe kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kejì tó lù mí le jù. Nílé, ẹni tó bá há ìwé sórí, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, òun ni olórí pípé. Níbí, bí o bá kọ gbólóhùn mẹ́ta láti inú ìwé ẹlòmíràn láìsọ ibi tó o ti rí i, olè ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì lè lé ọ jáde fún un. Mo mọ ọmọ Yorùbá méjì tó kó sí wàhálà yìí, tí kò sí olè nínú ìwà àwọn méjèèjì. Ẹ sọ fún àwọn tó ń bọ̀ láti ilé kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn ọmọ tí a bí síbí náà ń kọ́? Ẹ̀yin òbí ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde nímú wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ lórí fóònù kọ́ ni TSIA2, ìdánwò ìwọlé Texas, ń bèèrè. Ó ní kí wọ́n jókòó kọ àròkọ. Ẹni tí kò bá yege, láyé àtijọ́, wọ́n á fi í sí kíláàsì àtúnṣe tí kò ní kírédíìtì, ẹlòmíràn á sì lo ọdún kan níbẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́, kó máa lọ sílé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin kan ní 2017, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wọ ENGL 1301 gan-an lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú kíláàsì ìrànwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú kíláàsì ìrànwọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń bi mí pé kí ni bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá. Ọ̀rọ̀ omi ni iṣẹ́ mi báyìí, páìpù àti ẹ̀rọ tó ń fà á. Ìdajì ọjọ́ mi, ìwé ni mo ń kọ: àbọ̀, ìkìlọ̀, ìdí tí a fi fẹ́ owó, ìdí tí páìpù kan fi bẹ́. ENGL 2311, Technical Writing, kóòsì Gẹ̀ẹ́sì kejì tí yunifásítì gbà lọ́wọ́ mi, òun ni mo ń lò lójoojúmọ́. Differential Equations, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo lò ó kẹ́yìn.

Ẹ rántí Challenger, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, 1985, Roger Boisjoly, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Morton Thiokol, kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ nípa òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Kò kí bọ́ọ̀sì, kò kí ìlú. Ó sọ ọ́ gbangba pé bí wọn kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, ẹ̀mí yóò lọ sí i. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, 1986, òtútù mú, òrùka náà kò dí, ènìyàn méje kú. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún àwọn.

Ìbéèrè ti pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Bàbá kan dìde, ó ní òun ní OND, òun sì ti lé ní ogójì ọdún, ṣé òun yóò tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Mo ní kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí òkèèrè yẹ kóòsì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má kàn ní kí wọ́n sọ irú ìwé tó gbà nìkan. Kó sì wá ìwé tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nínú kóòsì kọ̀ọ̀kan láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé, torí yunifásítì kò ní gba "Mathematics III" láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kó tó san owó fún sáà kankan, kó lọ bá agbaninímọ̀ràn ní yunifásítì tó fẹ́ parí sí, kó gba ìwé tó sọ àwọn kóòsì tí wọ́n máa gbà, kó sì gbà á ní kíkọ. Bàbá náà ní, "Kí n lọ bi àwọn tí n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó fẹ́ lọ Ọbáléńdé, ẹni tó ti Ọbáléńdé bọ̀ ló yẹ kó bi.

Ọmọbìnrin kan, ó máa tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, nawọ́ sókè. Ó ní òun fẹ́ ka Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì gan-an, lítíréṣọ̀ àti ìwé kíkọ, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ti òun. Ariwo sọ. Bàbá rẹ̀ jókòó sí ìlà kejì, ó sì fọwọ́ bojú. Mo sọ fún un pé wọ́n ní in: kóòsì lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Bìrìtéènì, ti Amẹ́ríkà, ti gbogbo ayé, àti ìwé kíkọ tí wọ́n ń pè ní Creative Writing, ENGL 2307. A.A., Associate of Arts, ni yóò gbà, kò sì ní kó sínú ìṣòro tèmi, torí ọ̀nà yunifásítì ni A.A. náà wà. Mo wá yíjú sí bàbá rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, Wọlé Ṣóyínká lo ọdún méjì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, láti 1952 sí 1954, kó tó kọjá sí Leeds lọ parí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọdún méjì níbì kan, ìyókù níbòmíràn. Ẹ ò rí i pé ó jọ ohun tí ọmọ yìí ń sọ?" Bàbá náà ní kò burú, àmọ́ Ṣóyínká kò ní gbèsè ilé ní Houston. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà fi Technical Writing kún un, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ìlú yìí ń wá ẹni tó lè sọ ohun tí ẹnjiníà ń ṣe di ohun tó ṣeé kà. Ó ní òun yóò rò ó. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé yóò rò ó.

Ẹni tó bi mí kẹ́yìn kò nawọ́. Wọ́n ti ń to àga. Ìyá àgbà kan tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ ni. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó ní òun kò lọ ilé-ìwé ju ìwé mẹ́fà lọ, pé nígbà tí òun bá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì máa ń bá ọmọ-ọmọ òun sọ̀rọ̀ dípò òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ṣé kíláàsì wà fún irú òun? Mo ní ó wà, mà. Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà, ọ̀fẹ́ ni, owó ìjọba àpapọ̀ ló ń san án. Kò ní kírédíìtì, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín ní Calculus. Ìrọ̀lẹ́ wà, òwúrọ̀ náà wà. Wọ́n á kọ́kọ́ dán yín wò láti mọ ibi tí wọ́n máa fi yín sí.

Ó ní kí ni kí òun mú dání. Mo ní káàdì ìdánimọ̀ yín, àti ìwé iná tàbí lẹ́tà tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé sí. Ó ní orúkọ ọmọ òun ló wà lórí ìwé iná. Mo ní kí ó mú ọmọ rẹ̀ náà dání.